Omi Abẹ́ Tábìlì

Ara ti ń fu Ìyanuolúwa sí Wándé, kó tó di pé ó rí ohunkóhun tó lè tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀rọ kan tí ń ka nútírọ́ọ̀nù, ìyẹn hóró inú átọ́ọ̀mù tí kò ṣeé fojú rí, fún àwọn onímọ̀ òkè òkun tí ń fi iná lésà fún hóró haidirójìn pọ̀ títí yóò fi gbiná bí oòrùn. Nútírọ́ọ̀nù tó bá ta jáde níbẹ̀ ni yóò sọ bóyá iná náà ràn lóòótọ́. Ẹ̀rọ tó bá ṣì í kà kò wúlò fẹ́nì kankan.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá Ìyanu, ní ìlú Ìrókò, ni wọ́n ti ń dán an wò, pẹ̀lú ìwọ̀nba nútírọ́ọ̀nù tí ń ti òfurufú bọ̀. Nítorí pé omi máa ń gbé nútírọ́ọ̀nù mì, Ìyanu ti kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé kí wọ́n má gbé omi wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí Wándé bá ti wá tún ètò kọ̀ǹpútà ṣe, tó sì padà sí Ìbàdàn, ńṣe ni iye tí ẹ̀rọ ń kà máa ń já wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

“Màmá, ẹ ò fura sí Wándé?”

“Ọmọkùnrin tí kì í jẹun nílé wa?” ni ìyá rẹ̀ dáhùn. “Mo gbé iyán síwájú ẹ̀, ó ní ọgbẹ́ inú ò jẹ́ kóun jẹ ẹ́. Mo gbé ẹ̀kọ ńkọ́? Ó ní òun ti yó. Ṣọ́ra ẹ o.”

Ohun tó ti wà lọ́kàn Ìyanu tẹ́lẹ̀ ni ìyá bá a sọ, ìyẹn ló ṣe dùn ún gbọ́. Ó pe ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìyàndá, ó ní Wándé ń ba iṣẹ́ jẹ́ kó lè gba ipò òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti yọ Wándé kúrò. Kò bá a jà. Ohun tó fi ránṣẹ́ kò ju pé: “Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, Ìyanu. Bá mi kí Màmá.”

Nígbà tí Ìyanu ń gbálẹ̀ yàrá náà, ó ká aṣọ tábìlì tó wọ́ dé ilẹ̀ sókè. Kẹ́ẹ̀gì omi ló tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ké pe ìyá rẹ̀.

“Màmá, ta ló gbé omi síbí?”

“Èmi ni. Omi àdúrà ni, láti ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe irú omi tó o ní ká má gbé wọlé. Tí ọmọkùnrin yẹn bá ti lọ ni mo máa ń gbé ọ̀kan kún un, kí ojú burúkú ẹ̀ má baà ba iṣẹ́ ẹ jẹ́.” Ìyá rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn dénú. “Wọ́n ti lé e, àbí? Ṣó o wá rí i pé omi náà ṣiṣẹ́?”