Obìnrin Ojú Ọ̀nà Ìkòyí-Ilé

Dókítà Ọmọ́ṣaléwá, olùkọ́ wa nípa ìtàn ní Ọ̀yọ́, ń kọ ìwé lórí ohun tí àwọn oníwèé ìròyìn máa ń kọ nípa obìnrin nígbà rògbòdìyàn. Orí fọ́tò kan láti inú ìwé ìròyìn ni Dókítà gbé orí kẹta ìwé náà kà. Obìnrin kan na ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú ṣọ́jà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ní 1984, lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin wọ́de nítorí ilẹ̀ oko wọn. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé aṣáájú wọn ló ń pe ìjọba níjà. Nínú gbogbo ìròyìn tí Dókítà kó jọ, èyí nìkan ló bọ̀wọ̀ fún obìnrin. Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni Dókítà ní kí n wá a rí.

Mo fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbà mí lóṣù mẹ́rin. Ìyá Abigail ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn oríta Takie.

Mo tan fóònù láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ohun kan kò yé mi: kí ni ẹrù igi ìdáná ń ṣe lẹ́sẹ̀ aṣáájú nínú fọ́tò náà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú mi mú bíi ti àṣá. Oko ló ti ń bọ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń wọ́de. Ṣọ́jà ní kó na ọwọ́ sókè, ó sì nà á. Nígbà tí ìròyìn jáde ni wọ́n wá mú un, ó sì lo oṣù mọ́kànlá lẹ́wọ̀n. Ìgbà tó dé ni àdúgbò ń pè é ní akọni.

Mo béèrè bóyá mo lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Tó o bá kọ ọ́, ọmọ mi, kí ni mo wá lọ ṣẹ̀wọ̀n fún? Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi sin bàbá Abigail. Jẹ́ kó jẹ́ pé nítorí nǹkan ni.”

Ó ní kí n mu omi kí n tó máa lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Dókítà fi fóònù pè mí ní yàrá mi ní àdúgbò Under G. Ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé mo rí obìnrin náà? Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀?

“Òótọ́ ni, mà.”

“O ṣeun. Orúkọ rẹ ni màá fi sí i. Ìwọ náà lo máa sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lóṣù tó ń bọ̀. Mú ohùn màmá dání, kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu màmá fúnra wọn.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni ohùn náà. Mo gbọ́ ọ parí, mo pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí màá sọ pé ó ṣe fóònù mi.