Àwòrán Ìbàdí Tó Ṣe Hóró-hóró

Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé tí egungun ìbàdí mi bá ti fúyẹ́, mi ò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà ni mò ń kùn jẹun. Láìsí àkàbà, kí ni mo fẹ́ máa kùn? Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn?

Obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ìbàdí mi nílé ìwòsàn ní kí n má mira. Ẹ̀rọ ń lù gbà-gbà-gbà lórí mi, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Nígbà tó fi àwòrán hàn mí, gbogbo rẹ̀ ṣe hóró-hóró bí iyanrìn.

"Yéè! Àǹtí, egungun mi ti rún!"

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá Ọlọ́dà. Àwòrán ni kò dáa. Ara yín ń mì, a sì yára yà á jù. A máa yà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a ó wá pa á pọ̀ di ẹyọ kan."

"Bí ìgbà tí mo bá kun ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́rin?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn."

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀dà àkọ́kùn kì í bo ògiri. Mo padà dùbúlẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀, mo kà á sí ọ̀dà kan. Mi ò mira títí tó fi pé mẹ́rin.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwòrán mọ́ kedere. Dókítà wọlé, ó sì wò ó dáadáa.

"Egungun yín ṣì le dáadáa. Ẹ máa gun àkàbà yín."

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àǹtí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa gbọ̀n ọ́n, Bàbá Ọlọ́dà. A ti yà á tán."