Ìpè Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní Ẹ̀wọ̀n Sójà

Ní gbogbo Òkè-Ògbó, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé èmi Bàṣírù kì í gba ọ̀rọ̀ iwin gbọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn òkú tó ń rìn lójú mi, yẹ̀yẹ́ tí màá fi ṣe, kò ní jẹ́ kó parí rẹ̀. Ẹnu mi mú. Ká ní ọkàn mi le tó bí ẹnu mi ṣe mú ni, ọ̀rẹ́ mi ìbá ṣì ní ẹsẹ̀ méjì.

Dúrósinmí ni ọ̀rẹ́ náà. Tíṣà ìtàn ni kó tó fẹ̀yìn tì, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la sì ti ń bá ara wa bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ẹ̀wọ̀n àtijọ́ táwọn sójà òyìnbó kọ́ sínú igbó lẹ́yìn Ẹ̀dúnàbọ̀n, ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó wó o.

"Ìwọ nìkan lo lè bá mi lọ," ló wí. "Ẹ̀rù ń ba àwọn tó kù."

Wọ́n ní àwọn tó kú sí àhámọ́ níbẹ̀ a máa pe orúkọ èèyàn lọ́sàn-án gangan, ohùn ẹni téèyàn mọ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ẹni tó bá dáhùn, kò ní pẹ́ kú. Ta ni kò mọ irú ẹ̀kọ́ yìí láti kékeré? Bí a bá wà lóko, ìyá mi kì í jẹ́ kí n dá ẹnikẹ́ni lóhùn tí mi ò bá tíì rí i. "Fojú rí i ná," ni yóò wí. Mo ti dàgbà, mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ìyá mi rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ létí igbó, ó ní òun ò wọ ibẹ̀. A fẹsẹ̀ rìn ín. Ògiri ibẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kò ju kí orí ọmọdé gbà á lọ. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló kún yàrá àkọ́kọ́.

"Dúró," mo ní, "iwin ibí mà ń sin ewúrẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì gba ẹ̀yìn wọlé lọ pẹ̀lú fóònù tó fi ń ya fọ́tò. Oòrùn ti ń pa mí, mo bá lọ jókòó lábẹ́ igi níta.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ nǹkan tó wó, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ orúkọ mi. Ó dún bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ó tún pè mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Bàṣírù, jọ̀ọ́."

Ohùn Dúrósinmí ni. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohùn ẹni téèyàn mọ̀ náà ni wọ́n ní iwin fi ń pe èèyàn, ọ̀sán gangan sì ni. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo ń ka gbogbo súrà tí mo mọ̀ sínú, mo sì sá títí mo fi dé ojú títì.

Ìsọ̀ fọkanáísà kan ni mo jókòó sí. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo ní yóò jáde láìpẹ́. Mo ní bí mo bá sọ fún àwọn èèyàn, wọn yóò ní Bàṣírù sá fún iwin. Mo kírun Alásárì níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì wà nínú ihò. Ìgbà tí mo sálámà tán ni ara mi kọ̀ ọ́, mo bá sọ fún Ọládipọ̀, fọkanáísà náà, pé mi ò rí ọ̀rẹ́ mi mọ́.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Kò tíì pẹ́," ni mo wí.

Ọládipọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ ló bá mi padà. Ilẹ̀ yàrá tó wà lẹ́yìn ló já sínú àjà-ilẹ̀ kan, òkúta ògiri sì wà lórí ẹsẹ̀ Dúrósinmí. Fóònù rẹ̀ ti fọ́. Ohùn rẹ̀ ti há. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, ẹsẹ̀ náà ìbá má lọ. Wọ́n gé e lókè orúnkún. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àmọ́ tèmi yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó fọkanáísà.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ kí i. Mojíre, ìyàwó rẹ̀, ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàṣírù," ni ọ̀rẹ́ mi wí, "ṣé o gbọ́ mi nígbà tí mo ń pè ọ́?"

Ọ̀bẹ Mojíre dúró. Ó gbójú sókè wò mí.

Mo fẹ́ sọ òótọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́.

"Rárá," mo ní, "mi ò gbọ́."

Dúrósinmí yíjú sí ìyàwó rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ. Ká ní ẹlòmíràn ni, mà bá ní ẹ̀rù iwin ló bà á. Bàṣírù ò gba iwin gbọ́."

Mojíre padà sórí ọsàn ọwọ́ rẹ̀. Ó bó ọsàn náà tán, ó nà án sí mi.

"Bàbá Habibah," ló wí, "ẹ gba ọsàn. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà lọ."

Ojú tì mí dé egungun. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì mu ún níwájú wọn.