Ilé Gogoro àti Orúnkún Màmá Olùkọ́

Àwa tí a ń gbé ní òpópónà wa kò nílò ìwé ìròyìn. Ilé wa so mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ògiri kan náà ni aládùúgbò méjì jọ ń pín, bí o bá sín nínú ilé tìrẹ, láti ilé kejì ni wọn yóò ti kí ọ pẹ̀lẹ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kọ́ wọn: yàrá nísàlẹ̀, yàrá lókè, àti àtẹ̀gùn kan láàárín tó há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ gòkè gbọ́dọ̀ dúró kí ẹni tó ń bọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan sọ pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé gogoro alájà ogún fún àwọn olówó sí ẹ̀yìn ilé wa gan-an, ọkùnrin tí wọ́n rán sí wa jẹ́ ọ̀dọ́ kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá bú u, ó rẹ́rìn-ín. Bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wàá máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta. A sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín.

Alága ẹgbẹ́ òpópónà wa ló kò ó lójú. Bàbá náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún aago ṣe kó tó fẹ̀yìntì, nínú ilé tó ń gbé ni wọ́n sì bí i sí. Lójú tirẹ̀, kò sí bíríkì kan tó gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí àwọn baba fi í sí. Ìyàwó rẹ̀ ni Màmá Olùkọ́. Màmá ló kọ́ ìdajì wa ní ìwé kíkà, títí dòní ló sì ń wò wá bí ẹni tí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kò tíì pé.

Ẹlẹ́rìn-ín dọ́gbọ́n. Ó gba ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan ní ìkángun òpópónà, ó sì kọ́ yàrá àfihàn sínú rẹ̀, kí a lè rí bí inú ilé gogoro yóò ṣe rí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, àga ibẹ̀ rọ̀, lífítì kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè ṣọ́ọ̀bù náà.

Alága pe ìpàdé. A pinnu pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀, gbogbo wa sì nawọ́ sí i. Àmọ́ ọwọ́ ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó bi ẹsẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní òun lọ ṣe amí ni, ṣebí Mósè pàápàá rán amí lọ sí Kénáánì. Èmi náà lọ ṣe amí. Aládùúgbò mi lọ ṣe amí, ó jókòó sórí àga rírọ̀ náà títí oorun fi gbé amí lọ. Méjìlá péré ni Mósè rán. Ní tiwa, gbogbo ìjọ ló lọ, kò wá ku ẹni tí a máa jíṣẹ́ fún.

Àfi Alága. Níkẹyìn, òun náà fa fìlà bo ojú, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Oníbúrẹ́dì tó ti sá sẹ́yìn kọ́tìnì balùwẹ̀ àfihàn nígbà tó rí i ló ròyìn fún wa. Ó ní bí Alága ṣe dúró níwájú lífítì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, Màmá Olùkọ́ ló sì jókòó sínú rẹ̀ lórí àpótí kékeré kan, báàgì lórí itan.

“Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá,” ni Màmá wí, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pàdé.

“Kí lo ń ṣe níbí?”

“Mo ń ṣe amí ni. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Alága wo ilẹ̀. “Amí ni èmi náà.”

“Ó dáa. Ẹ sún díẹ̀, mo tún fẹ́ gòkè.”

Ilẹ̀kùn pa dé. Ẹlẹ́rìn-ín tó dúró nítòsí ní, “Bàbá, láti àárọ̀ ni Màmá ti ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀. Wọ́n ní kí n má dá àwọn lọ́wọ́ kọ́.”

Ẹ má fi Màmá ṣẹ̀sín. Láti ìgbà òjò ni orúnkún rẹ̀ ti wú, kò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́. Yàrá wọn ń bẹ lókè. Alága ń sùn lókè, Màmá ń sùn sórí àga gígùn nísàlẹ̀. Lálaalẹ́ ni à ń gbọ́ wọn gba inú ògiri: Bàbá yóò dúró lórí àtẹ̀gùn, yóò gbàdúrà wá sílẹ̀, Màmá yóò ṣe àmín sókè. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti jọ ń sùn, kò sì sí ohun tí Màmá ń fẹ́ láyé ju kí wọ́n tún jọ máa sùn bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ọ́. Alága ní bí òjò bá ti dá, orúnkún náà á rọlẹ̀. Òjò dá. Orúnkún kò gbọ́.

Nígbà tí ọjọ́ tí a máa jiyàn níwájú ìgbìmọ̀ ìlú pé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni Adarí ìpàdé náà. Alága ló kọ́kọ́ dìde.

“Ilé-ìṣọ́ Bábélì kò ní lífítì,” ló wí, “síbẹ̀ Ọlọ́run bínú. Àwọn wọ̀nyí tún wá fi lífítì sí i. Òjìji rẹ̀ ni yóò máa jí wa láàárọ̀, òun ni yóò máa sìn wá wọlé nírọ̀lẹ́. Aṣọ tí a bá sá, ọmọ-ọmọ wa ni yóò ká a.”

“Bàbá, tiwa ò tiẹ̀ súnmọ́ ọ̀run,” ni Ẹlẹ́rìn-ín fèsì. “Àjà ogún péré ni.”

“Àwọn ará Bábélì náà, péré ni wọ́n ń sọ.”

Oníbúrẹ́dì gbìyànjú láti sọ pé àwọn tó máa gbé lókè yẹn, ẹnu ń bẹ lára àwọn náà, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì. Ẹnìkan bi í láti ẹ̀yìn pé ṣé yóò máa ju búrẹ́dì náà sókè sí wọn ni. Ó jókòó.

Nígbà náà ni Màmá Olùkọ́ di ọ̀pá rẹ̀ mú, tó sì dìde.

“Adarí, mo fẹ́ bi ọkọ mi ní ìbéèrè.”

“Màmá, ọ̀rọ̀ ilé gogoro la wà lórí ẹ̀ o.”

“Òun náà ni mo wà lórí ẹ̀.” Ó kọjú sí Alága. “Bàbá, níbo ni mò ń sùn?”

“Nínú ilé wa ni.”

“Níbo nínú ilé wa?”

Alága fọwọ́ kan fìlà. “Nísàlẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Lókè.”

“Kí ló fà á?”

“Àtẹ̀gùn ni.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó.”

Alága jókòó. Àwa tí a dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, ilẹ̀ la jókòó sí.

“Mi ò kórìíra ilé àtijọ́,” ni Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, “èmi náà ti di ọ̀kan. Àmọ́ mo ti rí lífítì, mi ò lè purọ́ pé mi ò rí i. Ọmọ mi, tá a bá ta ilé wa, yàrá wo la máa rí rà nínú ilé gogoro yín?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín ní pípadé. “Màmá, kí n má parọ́ fún yín. Ó máa ra àyè ìgbọ́kọ̀sí kan.”

“A ò ní ọkọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ṣé lífítì dé àyè ìgbọ́kọ̀sí náà?”

“Ó dé bẹ̀, mà.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Tó bá ti ṣú, àwa méjèèjì á máa gòkè lọ wo ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń sùn sí.”

Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Adarí bọ́ awò, ó nu ojú, ó ní kí ilé-iṣẹ́ náà lọ ya àwòrán ilé tí kò ga tó bẹ́ẹ̀ wá, kí a tún tó pàdé. A ti ṣẹ́gun, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀. A fẹ́ gbé Alága sókè, ṣùgbọ́n ó yẹra. Ó mú Màmá lọ́wọ́, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ògiri ilé mi, ó ní kí èmi àti Oníbúrẹ́dì wá bá òun gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀. A wo ara wa. Inú yàrá òkè yẹn gan-an ni káfíńtà ti kan bẹ́ẹ̀dì náà fún bàbá rẹ̀, nítorí pé kò lè gba àtẹ̀gùn. Ó fẹ̀ bí pápá, igi orí rẹ̀ sì kún fún iṣẹ́ ọnà ewé àti ẹyẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n bí Alága sí, kì í tiẹ̀ jẹ́ kí àlejò jókòó tì í.

Alága tì í láti òkè, àwa fà á láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí kọ́rọ́, ó há. A tì í, a fà á, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, Alága ti di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé ara rẹ̀. Màmá ní kí n na tíì àti búrẹ́dì sí i láàárín àwọn ẹyẹ náà.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí Ẹlẹ́rìn-ín fi yọ sí wa, àwòrán tuntun lábẹ́ apá rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó bọ́ kóòtù.

“Ẹ wò ó, nínú ilé tiwa, lífítì á gba bẹ́ẹ̀dì yìí wọ́ọ́rọ́wọ́.”

“Pa ẹnu ẹ mọ́, kó o fi èjìká sí i,” ni Oníbúrẹ́dì wí.

Èjìká tirẹ̀ náà kò ṣe nǹkan kan. Níkẹyìn Oníbúrẹ́dì ní, “Alága, àfi ká gé e.”

“Kí lẹ fẹ́ gé?” Bàbá di igi orí bẹ́ẹ̀dì mú. “Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bí mi sí? Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé.”

Màmá di ògiri mú, ó gun àtẹ̀gùn kan, ó gun èkejì, orúnkún kò gbà mọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

“Bàbá,” ló wí jẹ́jẹ́, “mi ò ní bá bẹ́ẹ̀dì du yín. Ẹ tì í padà. Ara mi ti mọ àga yẹn lára.”

Alága yọjú láàárín àwọn ewé igi. Ó rí i bó ṣe dúró sórí àtẹ̀gùn kejì, tí kò lè lọ sókè, tí kò sì lè bọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wò ó títí.

“Ta ló ní ayùn?” ló béèrè.

Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọwọ́ kàn án. Lẹ́búlẹ́bú igi ń dà sí orí Ẹlẹ́rìn-ín bí mánà, kò lè sá, èjìká rẹ̀ ló gbé bẹ́ẹ̀dì náà dúró. Ewé lọ, ẹyẹ lọ, ìyókù sì rọra yọ̀ wálẹ̀ sínú pálọ̀, Alága tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ funfun bí ẹni tó ń po búrẹ́dì. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó fọwọ́ gbá àyè tó kù.

Ẹlẹ́rìn-ín gbọn orí, ó mú àwòrán rẹ̀. “Bàbá, a ti gé e kù sí àjà méjìlá báyìí. Ṣé kí ẹ tiẹ̀ wò ó?”

“Méjìlá ṣì pọ̀,” ni Alága wí, ó ń bọ́ bàtà.

“Mẹ́wàá dáa,” ni Màmá wí, “bí lífítì bá wà níbẹ̀.”

“Mẹ́wàá kẹ̀? Ẹ̀yin Olùkọ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ ta lẹ wà gan-an?”

“Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo wà. Ẹ̀yin ẹ sún mọ́ ìta.” Ó wá wo àwa tí a dúró bí ìjọ tó ń dúró de oore-ọ̀fẹ́. “Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Ẹ bá wa pa ilẹ̀kùn dé bí ẹ bá ti ń jáde. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àjò dé ni.”