Ọjọ́ Tí Isidore Dán Àna Rẹ̀ Wò

Isidore ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ràn láti máa sọ. Ó ní o kò lè mọ irú ẹni tí ọkùnrin kan jẹ́ àfi tí o bá ti bá a gbé ọkọ̀ ojú omi rù la inú ẹrẹ̀ kọjá, tí ẹ̀fọn sì ń jẹ yín lójú. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé, láti ọdún mẹ́sàn-án tí Isidore ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó wúwo jù lọ tí mo fi ojú mi rí i pé ó gbé ni rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn náà, tí ó bá jábọ́, èmi ló ń pè.

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, Lorette ọmọ wa mú ọkùnrin kan wálé láti ìlú ńlá Saskatoon. Orest ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn ará Ukraine tó ń gbin àlìkámà lápá gúúsù. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ awò ojú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé ó ń tún dùùrù ṣe.

Isidore gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Dùùrù? Ṣé dùùrù náà máa ń ṣàìsàn ni?"

"Ohùn rẹ̀ ló máa ń yẹ̀, sà. Tí òtútù bá mú un jù, tàbí ooru."

"O ò gbọ́ ọ," Isidore wí, ó kọjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo bí dùùrù náà. "Òtútù ń mú dùùrù."

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, òtútù ń mú gbogbo ènìyàn láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù karùn-ún, kò sì sí ẹni tó ń wá tún ohùn wa ṣe. Mo bu ọbẹ̀ sí i fún àlejò.

Orest ní òun wá tọrọ Lorette lọ́wọ́ wa ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Lorette, nọ́ọ̀sì ni nílé ìwòsàn abúlé wa, láti ìgbà tó sì ti pé ọdún mẹ́tàlá ni kò ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ kí ọmọkùnrin náà ṣe ọmọlúàbí rẹ̀ ni.

"Kí n tó dá ọ lóhùn," Isidore wí, "a máa gba orí odò lọ. Ọjọ́ márùn-ún. Ọkọ̀ méjì, àgọ́ méjì."

Lorette wò ó. "Bàbá, ìgbà wo lẹ di àjẹ̀ mú kẹ́yìn?"

"Ọkọ̀ wíwà kì í kúrò lára ènìyàn."

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́? Èyí tó yẹ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ gbé páálí ẹ̀wà lọ́jọ́sí?"

"Ẹ̀wà yẹn ló wúwo ju bó ṣe yẹ lọ."

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Isidore ń sọ fáwọn ènìyàn pé mo bá wọn lọ kí n lè máa dáná. Irọ́ ni. Mo lọ nítorí pé èmi nìkan ni mo ní ohùn tí mo fi lè pe orúkọ rẹ̀ kí ó sì dúró.

Èmi àti òun la wà nínú ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀. Lorette àti Orest wà nínú pupa. Isidore jókòó sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, ó sì ń fi ohùn tó lé gbogbo ẹyẹ etí omi dànù kọ́ Orest bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú. Èmi tí mo wà níwájú ni mo ń wà á. Ẹni tó ń kọ́ni kì í ráyè iṣẹ́.

Kí n má purọ́, Orest kò mọ̀ ọ́n wà rárá. Omi tó ń bù sí Lorette lára pọ̀ ju èyí tó ń tì sẹ́yìn lọ, ọkọ̀ wọn sì ń rìn bí ọ̀mùtí tó ń wá ilẹ̀kùn. Ní ibi àkọ́kọ́ tí a ti ní láti gbé ọkọ̀ rù gba orí ilẹ̀, ó rì sínú ẹrẹ̀ dé ìbàdí. Awò ojú rẹ̀ wọlé sínú ẹrẹ̀. Ó ń fọwọ́ wá a kiri bí ẹni tó ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú." N ò mọ ẹni tó ń bẹ̀, bóyá ẹrẹ̀ náà ni. Inú Isidore dùn débi pé ó kọrin títí a fi débi tí a máa sùn.

Orest ta àgọ́ lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé àwọn ẹ̀fọn tó wà lódìkejì odò gbọ́, wọ́n sì kó tẹbítará wá wòran.

Isidore jókòó sórí igi kan, ó na ẹsẹ̀. "Nígbà tiwa, a kì í lo àgọ́. Abẹ́ ọkọ̀ la ń sùn."

"Nígbà tìrẹ," mo wí, "o sun abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wúkọ́."

"Agathe, ọ̀rọ̀ ọkùnrin la ń sọ."

"Mo gbọ́. Òun ni mo ṣe ń bá yín ka ọ̀sẹ̀ tó wà nínú rẹ̀."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn kòkòrò dúdú tíntìntín tó wà nínú igbó wa ti jẹ Orest débi pé ojú rẹ̀ kan dí pátápátá. Ó fi ojú kejì yọ egungun kúrò lára ẹja, ó fi iyanrìn fọ ìkòkò, kò ráhùn.

Mo bi í pé, "Ṣé ojú yẹn ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí gan-an, mà."

Ó yà mí lẹ́nu. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ Isidore, nǹkan kan kò sì dùn ún rí. Lọ́dún tí ìfun rẹ̀ fẹ́ bẹ́, tí wọ́n fi bàlúù gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, ó ń sọ fún awakọ̀ bàlúù pé ẹja tí òun jẹ ni kò jinná.

Ọjọ́ kẹta ni a dé Eyín Ìyá Àgbà. Ibẹ̀ ni odò ti fún, tí omi ń sáré tó ń hó láàárín àpáta tó yọ ṣóńṣó bí eyín. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà lápá òsì tó yí i ká, kò ju ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ lọ. Àwọn baba ńlá wa ló fi ẹsẹ̀ la ọ̀nà yẹn, nítorí pé ó wù wọ́n láti di baba ńlá.

Isidore wo ọ̀nà náà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ àná fún. "Orest, ìwọ àti èmi. Àárín rẹ̀ la máa gbà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá."

Òótọ́ ni, ó gba ibẹ̀ kọjá. Omi ti fà lọ́dún náà, Hector ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì darí ọkọ̀. Mo rán an létí ìyẹn.

Orest rìn lọ sétí omi. Ó wò ó títí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó wá padà.

"Sà, ẹ̀rù ń bà mí. N ò ní lè lọ."

"O ní kí ló ń bà ẹ́?"

"Ẹ̀rù, sà. N ò tíì mọ̀ ọ́n wà tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá bá yín lọ, èmi ni màá dojú ọkọ̀ yín dé."

"Ọmọ mi lo fẹ́ fẹ́, o sì ń bẹ̀rù omi."

"Lorette ló ní kí n máa bẹ̀rù omi, sà."

Lorette ti gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn ní tirẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹrù."

Bí wọ́n bá ti lé ọkùnrin dé irú ibi yẹn, ó yẹ kí ó rí ọgbọ́n dá, kí ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ṣùgbọ́n nǹkan kì í dun Isidore. Ó kó ẹrù wa kúrò nínú ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, èyí tí etí rẹ̀ méjèèjì kò pàdé mọ́ níwájú ikùn rẹ̀, ó sì fi okùn bàtà so ó pọ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn yẹn. Ọjọ́ yẹn ni ohùn náà kọ́kọ́ kọ̀ mí. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó lọ.

Ó gba eyín àkọ́kọ́ kọjá dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ìkejì ló bojú wẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá a ń wò ó. Omi yí ọkọ̀ náà ní ìbú, ó gbé e lu àpáta, ọkọ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ sì ká mọ́ òkúta bí páálí tí òjò pa. N kò rí Isidore mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọwọ́ kan, lẹ́yìn náà orí, ó sì ń rá gun orí àpáta pẹrẹsẹ kan láàárín omi, tí kò tóbi ju tábìlì ìdáná mi lọ. Fìlà rẹ̀ ti lọ. Ó dìde, ó juwọ́ sí wa bí ẹni tí wọ́n ń kí níbi ìdìbò.

Mo jókòó sílẹ̀. Irun rẹ̀ tó tutù ti lẹ̀ mọ́ agbárí rẹ̀, mo sì rí bí orí náà ti kéré tó. Arúgbó kan ló dúró níbẹ̀. Mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún méjìdínlógójì, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ọjọ́ kan lè dé tí n kò ní rí ẹni fi ṣe é.

Lorette so okùn mọ́ igi páìnì kan, ó ju orí rẹ̀ kejì sí bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló já sómi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Isidore mú un.

"Ẹ so ó mọ́ abẹ́ apá yín," Lorette kígbe. "Ẹ fò sínú omi, okùn máa gbé yín wá sétí."

Ó so ó, ṣùgbọ́n kò fò. Ó jókòó. Ó kígbe padà pé òun máa dúró kí omi fà.

"Oṣù kẹsàn-án ló máa fà, Bàbá."

Kò mira. Ó tó wákàtí kan. Lorette bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣépè fún un, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ètè rẹ̀ ti ń yí àwọ̀. Ni Orest bá rìn wọ inú omi dé orúnkún, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí fèrè.

"Sà, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

Mo rò pé ó ń fi í ṣẹ̀sín ni. Ọwọ́ mi ti dìde láti gbá a létí.

Isidore wo omi, ó wo okùn tó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wá láti orí àpáta, tín-ín-rín. "Díẹ̀."

"Èmi náà," Orest kígbe. "Ẹ jókòó sétí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ẹ má wo omi, èmi ni kí ẹ máa wò. Mo wà níbí."

Isidore ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó ki ìkejì. Ó sì yọ̀ wọlé. Omi gbé e mì, okùn náà le koko, Orest rọ̀ mọ́ ọn títí awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí Isidore yí wá sétí, ọmọkùnrin náà ti wà nínú omi dé àyà, ó gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, àwọn méjèèjì sì ṣubú lu ara wọn sórí òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹja méjì.

Ọkọ̀ kan ló kù, ènìyàn mẹ́rin, orúnkún Isidore sì ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Àgọ́ ìpẹja Hector wà nísàlẹ̀ odò, ìrìn ìdajì ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Lorette àti Orest wa ọkọ̀ pupa lọ síbẹ̀ láti wá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá gbé wa. Orest fi aṣọ wé ọwọ́ méjèèjì. Èmi àti ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, a ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, tí ọkọ̀ náà ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, tó ń tẹ̀ sósì.

"Ọmọ yẹn kò mọ ọkọ̀ wà," Isidore wí.

"Kò mọ̀ ọ́n wà."

Ó mu tíì rẹ̀ díẹ̀. "Lorette lè kọ́ ọ."

Ohun tó fi fún wọn láyè nìyẹn, n kò gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá fọwọ́ kàn mí, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo na ìka sí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó ká mọ́ àárín Eyín Ìyá Àgbà, níbi tí gbogbo ẹni tó bá gba odò náà máa ti rí i. "N ò ní sọ ọ́," mo wí. "N ò rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ yọ ara mi lẹ́nu."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a wà ní ilé ìtajà níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin abúlé ti ń mu kọfí láràárọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ìjọba ayé. Cyprien, tó ń ta epo ọkọ̀, ló kọ́kọ́ ṣí ẹnu.

"Isidore, wọ́n ní ọkọ̀ rẹ wà lórí Eyín Ìyá Àgbà."

"Mo fi í síbẹ̀ ni," ọkọ mi dáhùn. "Mo ń pẹja. Ẹja abẹ́ òkúta yẹn tóbi."

Gbogbo wọn yíjú sí Orest, wọ́n mọ̀ pé ará ìlú ńlá kò mọ irú irọ́ tí a ń pa níbí. "Ìwọ, ṣé òótọ́ ni?"

Orest ro kọfí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹja ibẹ̀ tóbi, sà. Wákàtí kan gbáko la fi bẹ Bàbá kí wọ́n tó gbà láti kúrò níbẹ̀."

Lorette fi ẹsẹ̀ ta mí lábẹ́ tábìlì. Isidore kò wo ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde, ó fi ẹsẹ̀ tì í sí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin náà.

Mo wo àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo ti ní òpùrọ́ kan nílé tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì.

Oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nígbà tí odò ti di yìnyín gbagidi, tí ẹnikẹ́ni kò lè dábàá ọkọ̀. Èmi ni mo mú ọjọ́.