Bí A Ṣe Ń Pín Òjò

Ọjọ́ tí lẹ́tà pé wọ́n gbà mí wọlé dé, mo kígbe débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sáré wọlé pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó rò pé ejò ló wọ ọ́fíìsì. Mo ní kò sí ejò. Mo ní yunifásítì kan lókè òkun ti gbà mí láti wá ka ìwé dìgírì kejì nípa ìyípadà ojú ọjọ́, àti pé orúkọ mi wà lára àwọn mẹ́ta tó kù tí wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn fún ìrànwọ́ owó. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á san owó ilé ìwé rẹ̀, wọ́n á san owó ilé tó máa gbé, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún un. Ẹni tí wọn ò bá mú, kó lọ wá owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi tí owó oṣù mi kì í rí ogúnjọ́ oṣù, níbo ni mo ti fẹ́ wá a?

Kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni, owó tí wọ́n fi ń di àyè mú ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n kọ ọ́ gbàǹgbà pé bí èèyàn wá o, bí kò wá o, owó yẹn kò ní padà. Mo ka ibẹ̀ fún Màámi lẹ́ẹ̀mejì, kó má di pé n kò sọ. Aránṣọ ni Màámi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ó gbọ́ mi tán, ó kọ hàà.

"Wọ́n gbà ẹ́ tán, ò ń bá mi sọ̀rọ̀ owó tí kò ní padà. Ṣé ìwọ fẹ́ tètè padà ni?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló tà wọ́n fún, obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kékeré, bẹ́ẹ̀ ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Nígbà tí Màámi ò sì ní ẹ̀rọ mọ́, ó di òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ Kékeré, ó ń rán bọ́tìnnì, ó ń ká etí aṣọ. "Fúngbà díẹ̀ ni," ló sọ. "Tó o bá débẹ̀, wàá ra tuntun fún mi." Mo bínú sí i, mo tún sunkún. Ṣùgbọ́n mo gba owó náà o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi. Òjò ni mo ń wọ̀n. Lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, agolo irin kan wà nínú ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká, òjò tó bá rọ̀ á kó síbẹ̀. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo máa ń da omi inú rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìlà lára, mo máa kọ iye tó jẹ́ sínú ìwé ńlá, mo máa da omi náà nù. Ó tán. Àwọn èèyàn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba ń sanwó fún mi kí n máa da omi nù. N kì í dá wọn lóhùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe é, n kò sì fo ọjọ́ kan nínú ìwé yẹn rí.

Bàbá Ìwọ̀n ló kọ́ mi. Ọ̀gá mi ni, ọkùnrin tí kì í mu omi láì kọ́kọ́ gbé ife sókè wo bó ṣe kún tó. Nígbà tí mo dé, ó sọ fún mi pé a kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ̀ṣọ́ máa ń ti géètì, kọ́kọ́rọ́ á sì bá a lọ sílé. Nítorí náà, omi tí a bá bá nínú agolo láàárọ̀ Mọ́ńdè, omi ọjọ́ mẹ́ta ni.

"Báwo la ṣe ń kọ ọ́, sà?"

"A ó pín in sí mẹ́ta dọ́gbadọ́gba. Sátidé á gba tiẹ̀, Sọ́ńdè á gba tiẹ̀, Mọ́ńdè á gba tiẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ rẹ́ ọjọ́ kankan jẹ."

Ó dùn létí mi. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi í pamọ́, kò sì sẹ́ni tó rí àbùkù kan nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bá wa ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ fẹ́ gbé gbogbo omi náà fún Mọ́ńdè nígbà kan, Bàbá Ìwọ̀n sì pè é ní ọ̀lẹ tí kò mọ ìpín ṣe.

Nínú fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó náà, wọ́n ní kí n kọ ìdí tí mo fi fẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí. Mo kọ nípa bàbá mi. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, oòrùn ràn ní Sátidé kan débi pé Màámi sá aṣọ oníbàárà síta títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án Sọ́ńdè, òjò kan dé. Wákàtí méjì péré ló fi rọ̀, gbogbo gọ́tà àdúgbò kún, ojú títì di odò. Bàbá mi sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màámi láti lọ kó aṣọ oníbàárà sókè. Omi gbé e ní ìkóríta. Ọjọ́ Túsìdeè la tó rí i. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá irú òjò yẹn, òjò ọjọ́ kan tó ń ṣe bí òjò oṣù kan, ti ń pọ̀ sí i, ká lè máa tètè kìlọ̀ fún èèyàn. Mo ní ìwé òjò ọdún mẹ́sàn-án wà lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń jẹun ọ̀sán, mo sì fi í ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a san owó àyè, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìrànwọ́ náà kọ̀wé sí mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. Kí ló dé tí òjò Sátidé, ti Sọ́ńdè àti ti Mọ́ńdè fi máa ń dọ́gba, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, fún odidi ọdún mẹ́sàn-án?

Ẹ wá wo bí inú mi ṣe dùn! Mo rò pé iṣẹ́ wa ló wú u lórí. Mo ka ìbéèrè náà fún Bàbá Ìwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n gidi nìyẹn. Ó lójú." Àwa méjèèjì la jọ jókòó kọ èsì. A ṣàlàyé géètì, a ṣàlàyé kọ́kọ́rọ́, a ṣàlàyé bí a ṣe ń pín in kí a má baà rẹ́ ọjọ́ kankan jẹ. Bàbá Ìwọ̀n ní kí n fi kún un pé ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo fi kún un. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n fún àkíyèsí rẹ̀. Orí mi wú títí tí mo fi délé.

Èsì dé ní ọjọ́ kẹta. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó dúpẹ́ pé mo sọ òtítọ́. Ó ní ọjọ́ tí a kò bá wọ̀n, ṣe ló yẹ ká kọ ọ́ pé a kò wọ̀n, ká wá kọ àpapọ̀ omi náà sí Mọ́ńdè, ká sì sọ pé ti ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ńlá ọjọ́ kan ń pọ̀ sí i kò lè lo ìwé tí wọ́n ti gé òjò ńlá inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé: "Sọ́ńdè tí o sọ pé omi gbé bàbá rẹ lọ, nínú ìwé tìrẹ, òjò ọjọ́ náà kò ju ti Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ lọ, Sátidé tí ìwọ fúnra rẹ sọ pé oòrùn ràn."

Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ìrànwọ́ náà. Ó ní àyè mi ṣì wà níbẹ̀, bí mo bá lè san owó ilé ìwé fúnra mi kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Mo wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ta èmi àti Màámi pọ̀ mọ́ ilé tí a háyà, kò lè pé.

Mo lọ fa ìwé ọdún yẹn yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rántí àárọ̀ Mọ́ńdè náà. A kò tíì rí bàbá mi. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi igi gún inú gọ́tà, èmi sì wo aago, mo rí i pé mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù. Mo sáré lọ síbi iṣẹ́, mo ka agolo, mo sáré padà. Omi tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ mìlímítà méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Mo sì pín in. Sátidé, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Sọ́ńdè, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mọ́ńdè, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọwọ́ mi ni, bírò búlúù mi ni, ìlà kan kò sì wọ́ níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi kí n jẹ ìwé náà.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Ìwọ̀n. Mo pariwo mọ́ ọn, èmi tí n kò gbójú sókè wo àgbàlagbà rí. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wọ awò rẹ̀, ó fi ìka tọ àwọn Sọ́ńdè lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ó tún tọ̀ wọ́n lọ.

"Ṣé gbogbo wọn ni?" ló béèrè.

"Gbogbo wọn ni, sà."

"Ogójì ọdún," ló sọ, ó sì bọ́ awò rẹ̀. Ó rọra pa ìwé náà dé. Ìbínú mi kò ríbi jókòó sí mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Àwa ò purọ́, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Òpùrọ́ á kúkú mọ ibi tó fi òtítọ́ pamọ́ sí, á lè lọ gbé e jáde. Tiwa, a ti dà á nù.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù Kékeré lọ. Láti ìta ni mo ti gbọ́ ẹ̀rọ Màámi, mo mọ ìró rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ ẹ́. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ilé ìwé.

"Ẹ má bínú mà," Kékeré sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ bá mi tú ìyẹn, kẹ́ ẹ tún un rán. Ó wọ́ díẹ̀."

"Ó ti yá, ọ̀gá mi," ni Màámi fèsì, ó sì ń tú u.

Mo jókòó tì í. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń rọra sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Màámi, wọn ò fún mi mọ́."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó fẹ́ sanwó ilé ìwé."

Abẹ́rẹ́ dúró. "Owó tá a san ńkọ́?"

"Kò ní padà, mà."

Ó mi orí. "Wọ́n kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Kí lo ṣe fún wọn?"

Mo ṣàlàyé fún un, láti orí géètì dórí ìpín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fi sùúrù gbọ́ ọ, bó ṣe máa ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

"Ṣé òjò yẹn ò rọ̀ ni?"

"Ó rọ̀, mà."

"Ṣé ẹ dín in kù?"

"A ò dín in kù. A pín in ni."

"Kí ló wá kàn wọ́n?"

Ó ti rẹ̀ mí. Bí kò bá jẹ́ pé ó rẹ̀ mí ni, n kì bá tí sọ ọ́. "Wọ́n ní nínú ìwé mi, òjò Sọ́ńdè yẹn ò pọ̀."

"Sọ́ńdè wo?"

Kékeré gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ta ló kọ ọ́ pé kò pọ̀?" Màámi béèrè.

"Èmi ni, mà."

Mo ń retí kó bú mi, kó tiẹ̀ gbá mi létí. Kò bínú rárá. Ó gbé aṣọ náà kalẹ̀ sórí itan rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan lóòótọ́, tó sì gbà pé èmi tí mo kàwé ló lè sọ fún òun.

"Tí kò bá pọ̀," ló sọ, "kí ló wá gbé bàbá ẹ lọ?"