Oògùn Tó Wà Nínú Mọ́tò

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí, mà?"

Apòògùn ló ń bèèrè. Ó ti tú àpò ọ̀rá tí ìyàwó Bàbá Rọra gbé wá sórí tábìlì, ó ń to páálí oògùn inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka ara wọn bí ẹni tó ń ka lẹ́tà àfẹ́sọ́nà. Yàrá kékeré ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn nílé ìwòsàn náà: tábìlì kan, àga mẹ́ta, òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn láti mọ bó ṣe wúwo tó, àti fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

"Gbogbo ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni ìyàwó dáhùn. "Ìwọ náà lo ní ká kó gbogbo oògùn ilé wá. Mo tiẹ̀ kó oògùn ikọ́ tí ọmọ ọmọ mi lò kù mọ́ ọn. Kò ku nǹkan kan nílé, àfi bí wọ́n bá ń pe iyọ̀ ní oògùn. Iyọ̀ náà, mo ti gbé e pamọ́ fún bàbá yìí."

Apòògùn rẹ́rìn-ín. Bàbá Rọra ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú lórí ìjókòó, nítorí bàtà ò gba ẹsẹ̀ náà mọ́. Sálúbàtà ọmọ rẹ̀ ló wọ̀ wá. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkàn rẹ̀ ti ń ta ẹ̀jẹ̀ tipátipá. Bí ó bá sì ti rẹ ọkàn, omi á máa dúró sára èèyàn: á kọ́kọ́ wú u lẹ́sẹ̀, á gun ikùn, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, onítọ̀hún á wá jókòó jẹ́ẹ́, á máa mí bí ẹni tó sáré dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé e dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn yìí. Lẹ́ẹ̀kejì, dókítà fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kẹta o, mà. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀ẹ̀kẹta." Ìyàwó ò sọ fún ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Rọra ti gbọ́. Ọkàn ló ń ṣe é, kì í ṣe etí.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, dókítà tún ti wò ó, ó rí i pé ara ti tún ń wú, ló bá kọ ọ́ síwèé pé kí wọ́n sọ oògùn tó ń fa omi di ìlọ́po méjì. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ apòògùn ò ju kéèyàn ka ìwé, kó ka hóró sínú ọ̀rá, kó ní ó dàbọ̀. Kí wọ́n wá wo ọmọbìnrin yìí. Ó gbé páálí oògùn omi, ó tú u, ó kà á tán, ó tún un kà.

"Bàbá, ó di ogún ọjọ́ lónìí tí mo fún yín ní ọgbọ̀n hóró. Ọ̀kan lójúmọ́. Mẹ́wàá ló yẹ kó kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mọ́kàndínlógún ló kù."

Bàbá Rọra gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, "rọra, rọra" tó máa ń wí fún wọn ló sì di orúkọ mọ́ ọn lára. Òun ló máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè, kò sẹ́ni tó ń bi í. Ọmọ tí kò ju àbígbẹ̀yìn òun lọ ló wá ń ka hóró sí òun lójú yìí!

"Mo gbàgbé ni," ló wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án?"

"Háà!" Ìyàwó lu itan pàá. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú omi! Tí mo bá padà dé, màá bá ife lófìfo, wọ́n á ní àwọn ti lò ó! Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé ilé ayé ti sú yín ni? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ni apòògùn wí, "ẹ bá mi mú ìwé yìí lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kó lù ú lóǹtẹ̀."

Ìyàwó mọ̀ pé wọ́n ń lé òun jáde ni. Ó gba ìwé náà, ó ń kùn lọ.

Apòògùn gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó wá jókòó ti bàbá náà. Bàbá Rọra ti múra sílẹ̀ fún ìwàásù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tó gbọ́ ni: "Bàbá, aago mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ yín àkọ́kọ́ máa ń dé?"

"Aago mẹ́jọ."

"Ẹ ó wà nínú mọ́tò dìgbà wo?"

"Aago méjì. Nígbà míì, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta."

"Ọjọ́ tí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń lo oògùn?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó wo ojú ọmọ náà dáadáa, kò rí ẹ̀gàn kankan níbẹ̀. Ló bá tú ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀. Ó ní oògùn yẹn, kò ní tó wákàtí kan téèyàn bá lò ó, ìtọ̀ á dé, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan, mọ́tò dí pa lójú títì, kò síwá, kò sẹ́yìn, ọmọge kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ló wà nídìí ọkọ̀. "Ibi tí mo jókòó sí ló ti já mọ́ mi lára. Ọmọ yẹn rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù." Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ní akẹ́kọ̀ọ́, á di hóró oògùn mọ́wọ́, á mu omi inú ife, á sì dá hóró padà sínú páálí.

"Ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o."

"Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ̀bi yín nìkan kọ́. Àwa náà ò bi yín níṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ká tó ní àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó. Oògùn yìí ò fi dandan lé àárọ̀. Tí dókítà bá ti gbà, ẹ máa lò ó tí ẹ bá délé ní aago mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti parí iṣẹ́ ẹ̀, ẹ ó sì rí oorun sùn."

Ọkàn bàbá náà fúyẹ́. Ó ti fẹ́ dìde.

"Ẹ dúró ná, sà. Ìṣirò mi ò tíì pé. Mọ́kànlá tí ẹ lò, ó yẹ kó fa omi ju báyìí lọ. Nǹkan míì ń dá omi náà dúró. Mo rí bí ẹ ṣe di orúnkún ọ̀tún mú nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Kí lẹ ń lò sí i?"

"Mi ò lo oògùn kankan sí i," ni Bàbá Rọra wí. Tọkàntọkàn ló fi wí i.

Apòògùn yọjú lójú fèrèsé. "Ṣé mọ́tò yín nìyẹn, tó gbé pátákó sórí?"

Bí wọ́n ṣe jáde síta nìyẹn. Apòògùn jókòó síbi tí bàbá máa ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, níbi tí bíréèkì kejì wà. Ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó bíréèkì. Ó ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Lábẹ́ àkísà àti ìwé ọkọ̀, ó bá káàdì oògùn pupa kan. Wọ́n ti lò ó ju ìdajì lọ.

"Èyí ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn? Ìyẹn kì í ṣe oògùn, ti orúnkún ni! Ọ̀rẹ́ mi tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù ló júwe ẹ̀ fún mi. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án. Mo kà á mọ́ ọ́ìlì tí mò ń rọ sí mọ́tò. Ẹ̀yin náà lẹ sì ní ká kó oògùn ilé wá. Èyí ò délé wa rí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa apòògùn, ṣùgbọ́n kò rín in. "Bàbá, oògùn ara ríro yìí ló ń dá omi padà sí yín lára. Èyí tí mo fún yín ń gbá omi jáde lẹ́nu ọ̀nà, èyí ń fà á wọlé lójú fèrèsé. Bí mo bá fún yín ní ìlọ́po méjì lónìí, àwọn méjèèjì á máa wọ̀yá ìjà, kíndìnrín yín ló sì máa fara gbá a."

Inú mọ́tò níbẹ̀ ló ti pe dókítà lórí fóònù. Kò jágbe, kò sì ṣojo. "Ẹ dákun, ọ̀gá, mi ò tíì fún wọn ní ìlọ́po méjì yẹn. Mo ti rí ibi tí omi ń gbà wọlé." Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, àfi ti ọmọge inú mọ́tò. Bàbá Rọra tẹ́tí, ó gbọ́ bí dókítà ṣe ní, "O ṣeun gan-an ni. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà, kí wọ́n máa lò ó lọ́sàn-án. Kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mẹ́rin sí i, ká gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò." Orí bàbá náà wú. Àwọn tó ti kọ́ níṣẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún. Ó mọ ẹni tó mọṣẹ́ tó bá rí i.

Apòògùn mú káàdì pupa náà wọlé, ó sì gbé àpò ọ̀rá padà wá bá bàbá nídìí mọ́tò. Ó fún un ní oògùn ara ríro mìíràn tí kì í dá omi dúró, àti ìpara tí yóò máa fi ra orúnkún. Ó kọ wákàtí oògùn kọ̀ọ̀kan gàdàgbà-gadagba sórí ìwé, ó fi í sínú àpò náà. Ó ní kó máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, bó bá sì fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó pe òun, kó má dúró de ọjọ́ ìpàdé.

"Nǹkan míì, sà: ẹ fa ìjókòó yín sún mọ́ bíréèkì. Ẹ ń na orúnkún jù."

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń wí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. "Mo gbọ́, tíṣà," ló wí, òun àti ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, apòògùn rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ku ohun kan tí mi ò lè ṣe, sà. Ẹni tó ń gbé oògùn kalẹ̀ fún yín nílé, ó yẹ kó mọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Nígbà tí ìyàwó dé, ó wọ inú mọ́tò, ó gbé àpò ọ̀rá lé itan, ó ń wo iwájú. Bàbá Rọra fi kọ́kọ́rọ́ síhò rẹ̀, kò yí i. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé obìnrin náà ti lọ sunkún níbì kan. Ó rántí pé ohun tí dókítà fi sí ìyàwó òun létí, obìnrin náà nìkan ló ti ń dá a gbé kiri.

Ló bá sọ ọ́. Ó sọ ti mọ́tò tó dí, ó sọ ti ọmọge, ó sọ bó ṣe ń di hóró mọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, òógùn sì bò ó.

Ìyàwó kọjú sí i.

"Ṣé torí ìtọ̀ lẹ ṣe fẹ́ sọ mí di opó?"

Bàbá dorí kodò, ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

"Ọmọ márùn-ún ni mo bí fún yín. Ta ló ń fọ aṣọ ìtọ̀ nílé wa látọjọ́ yìí? Èwo ni mo torí ẹ̀ lé jáde nínú wọn?" Ó fi etí aṣọ nu ojú, kò bìkítà bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún. Ó yọ ìwé apòògùn nínú àpò, ó gbé e jìnnà sójú kó lè rí i kà. "Aago mélòó ló kọ síbí?"

"Mẹ́ta."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Méjì ti kọjá.

"Ẹ ṣíná mọ́tò," ló wí. "Ojú mi ni ẹ ti máa lò ó lónìí."